Neroli Fairhall: Orí ìjókòó ló ti ta ọfà gba góòlù

Obìnrin gidi ni Neroli Fairhall, ọmọ New Zealand. Jàǹbá alùpùpù ló ṣe é, tí ara rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ fi kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kú! Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí ní Brisbane lọ́dún 1982, tó ta ọfà ju àwọn tó dúró ṣánṣán lọ, tó sì gba góòlù ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1984, òun ló kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ arọ díje nínú Òlíńpíìkì, ní Los Angeles. Ipò 35 ló wà.

Wọ́n bi í léèrè bóyá ìjókòó ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o, ṣé ìjókòó ló ń fa ọrun ni? Neroli ní òun kò mọ̀, nítorí òun kò ta ọfà lórí ìdúró rí.