OMI JAVEL ÀTI ÌLERA ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Kò sí olùkọ́ rere tí kì í fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní ilẹ̀ wa ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé pé ọ̀bùn a máa fa àrùn wọ ilé, àti pé ọwọ̀ àti omi ni ó yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀kọ́ yìí dára, a kò sì ní pa á tì. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ọwọ̀ àti omi nìkan kọ́ ni a fi ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Oríṣiríṣi oògùn tí a fi ń fọ ilẹ̀, tábìlì àti ilé-ìgbẹ́ ti wọlé dé, nínú ìgò, nínú ike àti nínú ọ̀rá. Agbára púpọ̀ nínú wọn ju bí a ti rò lọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ májèlé. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí ewu wọn wà, àti ojúṣe olùkọ́ lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Abidjan ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá àdúgbò tí à ń pè ní Koumassi Remblais. Erékùṣù Petit-Bassam ni Koumassi wà, omi ọ̀sà Ébrié ni ó sì yí erékùṣù náà ká. Ìtumọ̀ *remblais* ní èdè Faransé ni erùpẹ̀ tí a kó dà sí ibi tí ó rẹlẹ̀ kí ilẹ̀ lè ga. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, àwọn ará Èjìgbò ní pàtàkì, ti tẹ̀dó sí Abidjan, tí àwọn ọmọ wọn ń jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ọmọ àlejò mìíràn. Ohun tí a bá sì sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ó kan ti Èkó, ti Kùtọnu àti ti Lomé pẹ̀lú.

Kí ni omi Javel?

Bí ènìyàn bá dé ọjà Abidjan, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, tí a sì fi ń pa kòkòrò àrùn, Javel ni wọn yóò pè é. Ní Nàìjíríà, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sí ara ìgò ni a sábà máa ń pè é, bíi Jik tàbí Hypo. Bí orúkọ ti yàtọ̀ tó, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Javel jẹ́ abúlé kan lẹ́bàá odò Seine, tí ó ti di apá kan ìlú Paris. Láàárín ọdún 1785 sí 1789 ni ìmọ̀ tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Claude Louis Berthollet ní nípa bí klorínì ti ń sọ aṣọ di funfun di oògùn tí à ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní abúlé náà.

Klorínì inú Javel a máa jó ara ohun alààyè. Bí ó ti ń jó kòkòrò àrùn títí yóò fi kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yóò jó ojú, imú àti ọ̀fun ọmọ ènìyàn bí ó bá pọ̀ jù. Kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ìwọ̀n nìkan ni ó ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé.

Nítorí náà, èrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, pé bí òórùn Javel bá ti le tó ni ilẹ̀ ti mọ́ tó, kò tọ̀nà rárá. Òórùn kì í ṣe ìmọ́tótó. Òórùn líle ń sọ fún wa pé oògùn náà ti ń wọ inú afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń fà símú. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí ẹrẹ̀ àti èérí bá pọ̀ nílẹ̀, ara wọn ni klorínì yóò ti ná agbára rẹ̀ tán kí ó tó kan kòkòrò àrùn. Ìdí nìyí tí ọṣẹ àti omi fi gbọ́dọ̀ ṣáájú nígbà gbogbo.

Àdàlù tí ń pa ni

Ewu tí ó yára jù lọ wà nínú àdàlù. Ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ omi tí a fi ń ha àwo ilé-ìgbẹ́. Bí ásíìdì bá kan Javel, gáàsì klorínì yóò jáde lójú ẹsẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà pàápàá lè mú un jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀. Kì í tètè gòkè lọ. Ìsàlẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, níbi tí imú ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó ń fọ ilẹ̀ wà.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá da ìgò méjì pọ̀. Ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa di amóníà; òun ni òórùn tí ń ta ni nímú ní ilé-ìtọ̀ tí a kò fọ̀. Bí a bá da ojúlówó Javel lé e lórí láìkọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣàn án dànù, gáàsì olóró mìíràn yóò tún jáde, tí yóò máa ta ojú tí yóò sì máa fún ni láyà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé ilé-ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa há, fèrèsé rẹ̀ kéré, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn ni a sì ń rán lọ fọ̀ ọ́, nígbà mìíràn nítorí pé wọ́n pẹ́ tàbí wọ́n pariwo. Kí á ní kí ọmọ fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Kí á fi ìgò ásíìdì àti ìgò Javel lé e lọ́wọ́ kí á sì ní kí ó wọ inú ilé-ìgbẹ́ lọ, ìyẹn ti kọjá ẹ̀kọ́ àti ìbáwí.

Májèlé inú ìgò ohun mímu

Ewu kejì ni ti ìgò. Àwọn oníṣòwò a máa ra Javel àti kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò, ní ọ̀pọ̀, wọn a sì máa rọ ọ́ sí ìgò kékeré láti tà. Ìgò wo ni ó sì wọ́pọ̀ ju ìgò omi mímu àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ? Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí padà. Sódà a máa jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí ojú ọgbẹ́ náà bá sì ti ń jinná, àpá rẹ̀ yóò máa fún ọ̀nà náà pọ̀, títí ọmọ kò fi ní lè gbé ẹ̀kọ mímu pàápàá mì. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa mọ àìsàn yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí á kọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bí ọmọ bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, àwọn ènìyàn a máa sáré fún un ní epo pupa kí ó lè bì í. Ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, ó sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe mú un bì. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, pẹ̀lú ìgò tí ó mu ún nínú rẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú tàbí ara, ẹ máa da omi tí ó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ó bá jẹ́ gáàsì ni, ẹ kó gbogbo ọmọ jáde síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ewu mìíràn wà tí kì í pariwo. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bergen, ní ilẹ̀ Norway, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 6,000 tí a ti ń yẹ̀ wò fún nǹkan bí 20 ọdún. Wọ́n rí i pé agbára ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin tí ń lo oògùn ìfọlé déédéé ń yára dín kù ju ti àwọn tí kì í lò ó lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń bá wa tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ nìyí, tí a kì í sábà bi bí ara wọn ti rí.

Ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ

Bí a bá da omi ìfọlẹ̀ nù, kò parẹ́. Nínú kòtò ilé-ìgbẹ́ ni àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tí ń bá wa jẹ ìgbẹ́ títí yóò fi rà. Bí Javel bá pọ̀ níbẹ̀, yóò pa wọ́n, kòtò yóò sì tètè kún. Ní ilẹ̀ bí ti Koumassi Remblais, tí a fi erùpẹ̀ gbé ga lẹ́bàá ọ̀sà, ọ̀nà kò jìn láti ojú àgbàrá dé inú omi. Klorínì tí ó bá kan ohun tí ó ti rà lè di àwọn ohun olóró mìíràn tí kì í tètè parẹ́, àwọn oògùn apakòkòrò kan sì wà tí ń pa ẹja.

Àwọn ará Abidjan ti rí ohun tí dída ìdọ̀tí olóró nù lè fà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ ojú omi Probo Koala gúnlẹ̀ sí èbúté ìlú náà. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti fi kọ́sítíìkì sódà fọ epo tí kò mọ́. Omi ìdọ̀tí tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n gbé jáde tí wọ́n sì dà káàkiri ìlú, ní ààtàn ńlá Akouédo àti ní ibòmíràn. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ni ó wá ìtọ́jú, ìjọba sì ka ènìyàn 15 ó kéré tán mọ́ òkú. Garawa ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, a mọ̀. Ṣùgbọ́n èrò kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: pé ohun tí a bá ti dà nù kò kàn wá mọ́.

Ìwọ̀n ni oògùn

A kò sọ pé kí á kó Javel dànù. Nígbà àrùn Ẹ̀bólà ní Guinea, Làìbéríà àti Sàró láàárín ọdún 2014 sí 2016, omi klorínì wà lára ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á lo omi tí klorínì rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.1 nínú 100 láti fi nu tábìlì àti ilẹ̀kùn, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fín in sí ara ènìyàn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá kọ ọ́ sára ìgò pé klorínì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ife Javel 1 sí ife omi 49 ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá ṣọ́ra: ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, *degré* ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ìgò. Javel 12° kì í ṣe ìdá 12 nínú 100. Nǹkan bí ìdá 3.6 ni. Ti èyí yóò jẹ́ ife 1 sí ife omi 35. Omi tútù ni kí ẹ fi pò ó, ní òjòòjúmọ́, nítorí oòrùn àti ooru a máa pa agbára rẹ̀.

Ojúṣe olùkọ́

Ní ọdún 2005, Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa lo àwọn oògùn ìfọlé tí ewu wọn kéré. Kò dìgbà tí a bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kí á tó ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ, omi àti kànrìnkànrìn máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí Javel máa dúró de ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe da oògùn méjì pọ̀. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú ìgò tirẹ̀, nínú àpótí tí a tì. Àgbàlagbà tí ó wọ ìbọ̀wọ́ ni kí ó máa pò ó, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ṣíṣí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ka ara ìgò. Láti ọdún 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé àwọn àmì jáde tí kò béèrè èdè kankan: àwòrán onígun mẹ́rin tí a fi pupa yí etí rẹ̀ ká. Agbárí òkú túmọ̀ sí májèlé. Omi tí ń kán sí ọwọ́ túmọ̀ sí ohun tí ń jó ni. Ẹja àti igi tí ó kú túmọ̀ sí ohun tí ń ba odò àti ilẹ̀ jẹ́. Ọmọ tí kò tíì mọ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì kà lè kọ́ àmì mẹ́ta yìí ní wákàtí kan, yóò sì gbé e lọ sílé kọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni àgbà ọjà. Bí a bá parí ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín tí olúkúlùkù sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀, orúkọ ara ìgò yóò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ẹ mọ ohun tí ó wà nínú garawa kí ẹ tó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ gbé e.