Ẹsẹ̀ Àgbà Lójú Ọ̀nà Háájì: Bí Ẹbí Ṣe Lè Pèsè Òbí Sílẹ̀ Kí Ọjọ́ Ìrìn Tó Dé

Lójú ewé ìlera àti ìmọ́tótó wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ lọ sí Háájì la fẹ́ bá yín sọ, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ládùúgbò wa ló ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kó owó Háájì jọ. Bàbá á fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, ìyá á yọ díẹ̀ lára èrè ọjà, àwọn ọmọ á dá tiwọn kún un. Nígbà tí owó yóò fi pé, òbí á ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òmíràn á ti lé ní àádọ́rin. Owó ti pé, ìwé ìrìnnà ti jáde, wọ́n ti ra àpótí. Àmọ́ ta ló ti bi ẹsẹ̀ léèrè bóyá òun náà ti múra tán?

Háájì, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni

Àwọn kan rò pé bí bàálù bá ti balẹ̀ sí Jeddah, ìrìn ti parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgbà 7 la ń yí Káábà ká nígbà Tọ́wáfù. Bí èrò bá pọ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n bá darí ènìyàn sí àjà òkè, òbìrí náà á fẹ̀ sí i, ìrìn á sì gùn ní ìlọ́po-ìlọ́po. Lẹ́yìn èyí ni Sáyì láàrin Sọ́fá àti Màríwà. Ìlọ kan tó nǹkan bí 450 mítà; bí a bá lọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, ó ti lé ní 3 kìlómítà. Orí ilẹ̀ líle ni gbogbo rẹ̀, láàrin ogunlọ́gọ̀ èrò.

Àráfà ńkọ́? Ó jìnnà sí Mẹ́kà tó nǹkan bí 20 kìlómítà. Ọkọ̀ ń gbé èrò lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 lọ́jọ́ tó bá burú, ẹ ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí èrò tó lé ní mílíọ̀nù kan bá fẹ́ kúrò lójú kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn. Bí wọ́n bá padà sí Mínà, wọ́n á tún máa rìn láti inú àgọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ òkò, wọ́n á sì rìn padà, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra.

Kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ilẹ̀ wa fi ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n á gba ilẹ̀ Haúsá kọjá sí Borno, wọ́n á gba Chad àti Darfur dé etí Òkun Pupa ní Sudan, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jeddah. Ìrìn náà máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà láti rí oúnjẹ jẹ. Àwọn kan kò padà wálé mọ́. Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní Sudan títí dòní. Àwọn ará ìgbà náà ti fi ìrìn kọ́ ara wọn kí wọ́n tó dé ilẹ̀ mímọ́. Àgbà tiwa lónìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé e láti ẹnu géètì dé ojúlé. Ara tí kò rìn lọ́dún mẹ́wàá, a kò lè sọ pé kó rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru ibí

Ní 2024, oṣù kẹfà ni Háájì bọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, ooru ní Mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà ga dé ìwọ̀n 51.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi fúnra rẹ̀ kéde pé ó lé ní 1,300 ènìyàn tó kú lọ́dún náà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kú, ó lé ní mẹ́jọ tí kò ní ìwé àṣẹ Háájì, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji àti ibi ìsinmi. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára wọn. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹbí. Èkíní, ẹ má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀bùrú rán òbí lọ nítorí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò ní àgọ́, kò ní ọkọ̀, oòrùn ni yóò sì máa bá rìn. Èkejì, ara àgbà kì í tètè mọ òǹgbẹ, kì í sì tètè tutù bó bá ti gbóná. Ara wọn lè ti gbẹ kí ọ̀nà ọ̀fun tó sọ fún wọn.

Ẹ̀sìn kò ní ká pa ara wa

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń fà láàrin ara wọn. Ó bèèrè ohun tó ṣe é. Wọ́n ní ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á fẹsẹ̀ rìn dé Káábà ni. Ànábì sọ pé Ọlọ́hun kò nílò kí ọkùnrin yìí máa fìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kó gun ẹran. Nígbà tí Umm Salamah ń ṣàìsàn, ó ní kó gun ẹran ṣe Tọ́wáfù lẹ́yìn àwọn èrò. Ó yọ̀ǹda fún Sawdah, tí ara rẹ̀ wúwo, kó tètè kúrò ní Musdalífà lóru kí èrò tó pọ̀.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ aláìlera tí wọ́n ń fi ènìyàn sí láti yí Káábà kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í dín Háájì kù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e. Ẹni tí kò lè dé ibi òkò lè yan ẹlòmíràn kó bá òun sọ ọ́. Ẹ bi Ààfáà yín léèrè nípa ìdẹ̀ra wọ̀nyí kí òbí tó wọ bàálù, kó má baà di pé ó ń janpata lọ́hùn-ún pé òun gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara òun ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ìmúrasílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn, kíndìnrín, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda, ètò tó rọrùn nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: ìrìn ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ 3 sí 5: ìṣẹ́jú 25.
Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: ìṣẹ́jú 40, kí a sì máa fi gígun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ kún un.
Ọ̀sẹ̀ 9 sí 11: wákàtí kan, kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra wọn nígbà mìíràn, nítorí ní Mínà, ìrìn òní kì í dí ti ọ̀la lọ́wọ́.
Ọ̀sẹ̀ 12: kí a dín in kù, kí ara sinmi.

Àkókò tó dára jù ni lẹ́yìn ìrun Àsúbáà, kí mọ́tò tó kún àwọn áfẹ́níù Festac. Ẹ yan ojú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹ sá fún ibi tí kòtò àti àgbàrá wà, nítorí ìṣubú kan lè ba gbogbo ètò jẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tàbí àgbàlá mọ́ṣáláṣí tó. Ìwọ̀n eré rẹ̀ ni pé kí òbí lè máa bá ẹni tó ń bá a rìn sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Bí àyà bá ń dùn ún, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí èémí kò bá délẹ̀, kó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ rí dókítà. Ẹni tí eékún ń dùn náà lè rìn, ṣùgbọ́n kó lo ọ̀pá, kó sì máa sinmi lójú ọ̀nà.

Ìtọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀

Ẹ má ṣe ra bàtà tuntun lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Sálúbàtà tí bàbá máa wọ̀ nínú aṣọ ìhráámù, tí kò bo kókósẹ̀, kó fi rìn níbí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kó mú ẹ̀kejì dání, kí ó sì ní àpò kékeré tí yóò máa fi bàtà sí bó bá wọ mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ló ti bó nítorí pé bàtà sọnù lẹ́nu ọ̀nà, tí olówó rẹ̀ sì fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀dà gbígbóná.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Àìsàn náà lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, tí ilẹ̀ gbígbóná tàbí òkúta yóò fi dá egbò sí i lára tí kò ní mọ̀. Ní alaalẹ́, kó fọ ẹsẹ̀, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú dígí tàbí kí ẹlòmíràn bá a wò ó. Àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ dára, ṣùgbọ́n omi tó bá dúró sáàárín ìka ló ń fa kí ara máa bó. Ìyá lè wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ìhráámù; bàbá kò lè wọ̀ ọ́. Itan tó ń họra nítorí pé kò sí ṣòkòtò, Vaseline tí kò ní òórùn kankan ló tọ́ sí i, nítorí lọ́fínńdà kò sí fún ẹni tó wà nínú ìhráámù.

Oògùn, omi àti ibòji

Kí oògùn wà nínú àpò ọwọ́, kó má wọ inú ẹrù ńlá, kó tó gbogbo ọjọ́ ìrìn kó sì ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn oògùn apàrora líle tí wọ́n ń tà nígboro níbí lè di ẹjọ́ ní Saudi. Ẹ má ṣe fi sí àpò òbí. Ínsúlínì kò gbọdọ̀ gbóná. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ kó bi dókítà léèrè bí yóò ṣe lò ó nínú ooru. Kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn jẹ́ dandan, kí wọ́n sì mú káàdì ibà pọ́njú dání.

Kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, tí kò sì rí oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà rà, kó po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó gún régé àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà kan. Kí agbòòrùn wà lọ́wọ́, nítorí kò lòdì sí ìhráámù níwọ̀n ìgbà tí kò kan orí. Kó yẹra fún ìrìn láti agogo mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bó bá ṣeé ṣe. Bí ara àgbà bá gbóná janjan, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tó dákú, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì pe oníṣègùn kíákíá. Ẹ má ṣe rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Òótọ́ ni kó wà láàrin ẹbí

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù kì í ṣe eékún, ìfipamọ́ ni. Ìyá á mọ̀ pé òun kò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní sọ, kí wọ́n má baà ní kí òun dúró. Bàbá á fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Àwọn ọmọ náà á mọ̀, wọ́n á dákẹ́, kí òbí má baà bínú. Ẹ̀yin ọmọ, ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìbọ̀wọ̀. Dókítà tí a fi àìsàn pamọ́ fún kò lè tọ́jú ẹni náà, alábòójútó èrò kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó fi sínú ọkọ̀.

Bó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ kan tàbí ìbátan tó lágbára bá òbí lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ kọ orúkọ, àìsàn, oògùn àti nọ́ńbà fóònù ilé sínú káàdì kan kó máa wà lọ́rùn rẹ̀. Bí dókítà bá sì sọ pé ara kò ní gbé e mọ́ láé, ilẹ̀kùn kò tì. Obìnrin kan bi Ànábì bóyá òun lè ṣe Háájì fún bàbá òun tó ti darúgbó débi pé kò lè jókòó lórí ẹran, Ànábì sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó ti ṣe tirẹ̀ lè lọ ṣe ti òbí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, tí agbára yín sì ti ká a, ẹ má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ tó wà lónìí, òun ni kẹ́ ẹ fi lọ. Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní àlàáfíà, kó mú wọn lọ láyọ̀, kó mú wọn bọ̀ láyọ̀, kó sì gba Háájì wọn. Àámín.