Ẹ̀rọ Tí Ń Ta Ọkàn Jí: Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Ooru àti Eruku

Ní oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán ní ìlú Ouagadougou lè kọjá 40°C. Kí oṣù náà tó dé, eruku ọyẹ́ ti bo àwọn ìsọ̀ ọjà Sankaryaré. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ alágbèéká tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní AED, lè bàjẹ́ sínú àpótí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n dípò kí ó máa lù kò ní àkókò: bí a kò bá tẹ àyà rẹ̀, ìrètí ìyè ń fi nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 dínkù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà bá pẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó máa ń yẹ ara rẹ̀ wò. Iṣẹ́ ènìyàn ni láti wo àmì ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó ti ṣetán. Bí iná náà bá pupa, tàbí kò tàn mọ́, tàbí ẹ̀rọ ń ké léraléra, nǹkan ń ṣe é. Àmì lè yàtọ̀, nítorí náà ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni kí a tẹ̀ lé. Kí a yan ẹnìkan pàtó tí yóò máa wò ó, tí yóò sì máa kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Páàdì tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà ni kí a ṣọ́ jù. Ohun rírọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ máa ń gbẹ, ooru sì ń mú kí ó tètè gbẹ. Ọjọ́ tí yóò pé wà lára àpò rẹ̀. A kò gbọdọ̀ tú àpò náà wò ṣáájú àkókò. Bí ẹ̀rọ bá ń tẹnu mọ́ ọn pé páàdì kò lẹ̀ nígbà tí aláìsàn wà nílẹ̀, kí a yẹ ojú ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ wò, kí a nu òógùn àyà, kí a fá irun tí ó bá pọ̀, kí a tún páàdì tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí kò bá gbọ́, kí a lo páàdì mìíràn. Ẹni tí ń tẹ àyà kò gbọdọ̀ dúró de àtúnṣe yìí: àárín àyà ni kí ó máa tẹ̀, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹlòmíràn ń pe àwọn panápaná lórí 18.

Ẹ̀rọ alágbèéká tí Frank Pantridge kọ́kọ́ lò ní Belfast lọ́dún 1965 wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 70, bátìrì mọ́tò ni ó sì ń lò. Ti òde òní ṣeé fi ọwọ́ kan gbé, ṣùgbọ́n ooru ṣì jẹ́ ọ̀tá bátìrì rẹ̀. 50°C ni òpin ooru tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lè gbà. Inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa lè kọjá bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òjìji ni kí ó wà, níbi tí a kò ti tì í mọ́. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rẹ díẹ̀ ni kí a fi nu eruku rẹ̀.

Ohun kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé bí a bá gba ẹ̀rọ ní ẹ̀bùn: èdè tí ó ń sọ. Níbi tí Mooré àti Faransé ti gbilẹ̀, ohùn Gẹ̀ẹ́sì lè dá olùrànlọ́wọ́ dúró. Kí a yí i padà kí a tó gbé ẹ̀rọ kọ́, bí ó bá ṣeé yí.

Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí a fi páàdì tuntun sí i, kí a yẹ bátìrì wò, kí a fi abẹ àti ìbọ̀wọ́ rọ́pò èyí tí a lò, kí a sì dúró títí àmì ìmúrasílẹ̀ yóò fi padà kí a tó dá a padà sáyè rẹ̀.