Volt Mélòó Ni Iná LED Ilé Iṣẹ́ Yín Ń Fẹ́?

Tí ọwọ́ yín bá tẹ iná LED ńlá tí wọ́n ń so sókè nílé iṣẹ́, tó jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ má tíì mú wáyà o. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára driver rẹ̀. Driver tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹni tó ń wa mọ́tò! Àpótí kékeré tó ń gba iná AC tó sì ń sọ ọ́ di DC fún LED ni.

Iná Amẹ́ríkà kì í ṣe volt kan ṣoṣo: 120 wà, 208 wà, 240, 277, títí dé 480. Ìdí nìyẹn tí oríṣi driver méjì fi wọ́pọ̀: 120–277V àti 347–480V. Iye yòówù tó bá bọ́ sáàárín, driver á bá a mu fúnra rẹ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Féèsì kan àti neutral jẹ́ nǹkan bí 230 volt, 120–277V á gbé e wẹ́rẹ́. Àmọ́ láàárín féèsì méjì, 400 volt ni. Ẹni tó bá so 120–277V mọ́ ọn, owó ti jóná nìyẹn.

Oríṣi 347–480V ló lè gba 400 yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, wáyà méjèèjì ló gbé iná. Tí súìṣì bá gé ẹyọ kan péré, gílóòbù á kú, iná á ṣì wà nínú wáyà kejì. Súìṣì tó ń gé méjèèjì pọ̀ ni kí ẹ lò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọ̀ wáyà. Ní Amẹ́ríkà, dúdú ló gbé iná, funfun ni neutral. Nínú àwọn ilé àtijọ́ wa tó tẹ̀lé àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pupa ló gbé iná, dúdú ni neutral. Ṣé ẹ rí i? Dúdú ibí ò jọ dúdú ọ̀hún! Ẹ má fojú yan wáyà. Ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò. Aláwọ̀ ewé ni earth níbi méjèèjì, ẹ má gé e dànù. Tí iná bá kan irin ara rẹ̀, òun ló ń fún un lọ́nà kí brékà lè já, kó má baà jẹ́ èèyàn ni iná máa gbà kọjá.

Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kí ẹ pè. Kó tó gun àkàbà, ẹ bi í: volt mélòó ni driver ń fẹ́, mélòó ló wà nínú wáyà?