Ìpàdé Toastmasters: Níbi tí wọ́n ti ń ka iye ìgbà téèyàn sọ "ẹ̀ẹ́n"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lẹ́nu nílé, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé makirofóònù lé wọn lọ́wọ́ lóde, ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń tò láti àárọ̀ á wá pòórá. Ẹ̀rín lásán kọ́ lọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó mọṣẹ́ dunjú lè pàdánù iṣẹ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò torí pé kò lè sọ ohun tó mọ̀ jáde.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Ralph Smedley, ará Amẹ́ríkà, rí nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ YMCA ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1924, ó pe ìpàdé tí wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Toastmasters nílùú Santa Ana, ìpínlẹ̀ California. Ẹni tó ń darí ètò níbi àsè, tí gbogbo ayé ń pè ní MC báyìí, ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Ọdún 1973 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fáwọn obìnrin. Ẹgbẹ́ náà ti wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 báyìí, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Tẹ́ ẹ bá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti múra sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 7 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn máa ń gbà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni tuntun máa sọ, nípa ara rẹ̀ ni. Ó jọ ohun tó rọrùn, àbí? Téèyàn bá dúró síwájú tán, orúkọ ìyá ẹ̀ gan-an lè fẹ́ sá mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹnì kan á jókòó ti aago. Tó bá pé ìṣẹ́jú 5, á tan iná àwọ̀ ewé; tó bá di 6, iná á yí sí yẹ́lò; tó bá di 7, pupa ló kù. Níbi ìdíje wọn, ẹni tó bá fi ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ kọjá àkókò ti já bọ́ nìyẹn. (Ì bá dáa kí irú iná yìí máa wà lóde ìsìnkú.)

Ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kíka "ẹ̀ẹ́n", "ṣé ẹ mọ̀ pé" àti "báwo ni wọ́n ṣe ń pè é" niṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ máa ń gba owó ìtanràn táṣẹ́rẹ́ lórí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ni pé, dípò "ẹ̀ẹ́n", kó kàn dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn máa ń dà bí ọdún kan létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ lè má tiẹ̀ mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè àìròtẹ́lẹ̀ á wá dé. Alága á béèrè pé, "Tó o bá di gómìnà lónìí, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?", á sì pe orúkọ ẹnì kan. Ẹni náà á dìde, á fèsì fún bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, láìmúra sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àgbéyẹ̀wò. Olúkúlùkù ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó ti múra sílẹ̀ ló ní ẹni tó máa dìde fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, tí á sọ ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ìyẹn kò rọrùn nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọdún 25 lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ní kó ṣàgbéyẹ̀wò ọ̀gá tó ti ń sún mọ́ 60, lójú gbogbo èèyàn. Kò ní sọ pé, "Ẹ ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Ohun tó rí lá sọ: "Ẹ̀rín yín ní ìbẹ̀rẹ̀ fi ọkàn wa balẹ̀, sà. Àmọ́ ẹ wo ìwé nígbà mẹ́fà, a ò sì rí ojú yín mọ́ nígbà tí ìtàn yẹn dùn jù." Ọ̀gá náà á jókòó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lè ti kọjá tó jẹ́ pé àtẹ́wọ́ àti "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló ń gbọ́ níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohùn òun kì í dé ẹ̀yìn yàrá.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń sọ níbi ìpàdé wọ̀nyí ní Nàìjíríà, ìyẹn sì ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù fáwọn kan. Bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Toastmasters kan wà nílẹ̀ òkèèrè tó jẹ́ Faransé, Lárúbáwá tàbí èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àlejò sábà máa ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa fipá mú un sọ̀rọ̀. Àmọ́ kí ìpàdé tó parí, wọ́n á bi í bó ṣe rí ìrọ̀lẹ́ náà sí. Tó bá dìde tó dáhùn, aago lè má tíì máa ka tiẹ̀, àmọ́ ó ti sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ nìyẹn.