Jíìpù fún Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ohun tí a sọ lórí ètò náà la kọ síbí, a kàn yọ ikọ́ àti ẹ̀rín kúrò ni.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti yá àwọn lówó, ọdún méjì ni wọn yóò sì fi máa yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn. Camry Big Daddy ni wọ́n ń gùn. Ilé ẹbí wọn wà ní Ọ̀yọ́, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ìyá àgbà kan. Ẹ ka iye wọn, ẹ ó rí i pé Camry ti kún ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fẹ́ ra jíìpù, ìbéèrè wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?"

Kí n tó dárúkọ mọ́tò kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń pè ní jíìpù gan-an. Lọ́dọ̀ wa, mọ́tò tó bá ti ga díẹ̀, tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ ò yọ sẹ́yìn, jíìpù ni. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n gbé ara rẹ̀ ka orí irin gbọọrọ méjì bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Land Cruiser, 4Runner àti Hilux wà nínú ìdílé yẹn, irin náà ló sì ń bá wọn gba ìyà. Oríṣi kejì ò ní irin yẹn. Ara rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan náà, bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Toyota gbé RAV4 jáde báyìí ní 1994, Lexus RX tẹ̀lé e ní 1998, nígbà tó sì di ọdún 2000 wọ́n fi Highlander han aráyé ní New York. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe Camry ni wọ́n kọ́ Highlander lé. Camry tó wọ bàtà gogoro ni, ká má tanra wa jẹ.

Mi ò fi ìyẹn tàbùkù rẹ̀ o. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó rọrùn láti wà, ó ń gbé èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì ní ìjókòó ìlà kẹta lẹ́yìn tí ọmọdé lè jókòó sí (ẹ wò ó dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo àwọn ti àtijọ́ ló ní in). Mẹkáníìkì tó mọ Camry tú, tó mọ̀ ọ́n tò, kò ní ṣàjèjì sí i. Yálà ní Ọ̀wọ́dẹ l'Ọ̀yọ́ ni ẹ wà, tàbí ní Tákíẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ẹni tó ń fi Toyota jẹun. Bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́ tí wọn ò ní in nítòsí, ọjà Àràròmí ní Géètì, n'Íbàdàn, wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó gbágùúdá láti oko lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé lásìkò òjò, Hilux ló ń wá. Highlander 2008 ga tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ìyẹn tó fún kòtò àdúgbò, kò tó fún ojú odò.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí epo, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀rù náà sì nídìí. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà níléepo ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Táǹkì Highlander 2008 ń gba nǹkan bí 72 lítà. Ohun tí kò tó 15,000 náírà nígbà yẹn wá di 72,000. Èèyàn lè gbọ́ ìyẹn kó fẹsẹ̀ rìn.

Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Bí a bá tẹ̀lé ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀nà jíjìn, Camry Muscle oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin yóò jẹ bíi lítà 8 lórí 100 kìlómítà. Highlander oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.7, yóò jẹ bíi 9. V6 3.5 yóò jẹ bíi 10. Tí ẹ bá fi ẹ́síì, èrò àti títẹ̀lé tírélà kún un, gbogbo rẹ̀ yóò lọ sókè, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìrìn mẹ́rin lóṣù, ìyàtọ̀ Camry àti V6 jẹ́ lítà 8 tàbí 9, ìyẹn bíi 9,000 náírà ní iye owó epo oṣù kẹwàá ọdún 2024. Inú ìlú ló ti ń jẹun jù. Níbẹ̀, V6 ń jẹ bíi 13 lórí 100 kìlómítà.

Owó ni, mi ò ní kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú kí ẹni tó ra jíìpù gbé e pamọ́ sẹ́yìnkùlé, tí ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti gíà tí a ò mọ ìtàn wọn ló ń fa ìyẹn. Gíà kan ṣoṣo tó bá kú lè jẹ ìyàtọ̀ owó epo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan àwọ̀.

Highlander àkọ́kọ́, láti 2001 dé 2007, ní oríṣi ẹ́ńjìnnì mẹ́ta. 2.4 oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni àwọn tó ń ṣọ́ epo fẹ́ràn. Àléébù rẹ̀ tí mẹkáníìkì mọ̀ ni pé àwọn bóòtù tó di tọ́ọ̀pù mú máa ń jẹ ojú ihò wọn lẹ́yìn, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀, mọ́tò á sì máa gbóná. Tí ẹ bá rí i tí omi ń dínkù tí ẹ ò sì rí ibi tó ń jò sí, ẹ sá. V6 3.0 ni wọ́n lò dé 2003. Tí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ọ́ìlì náà máa ń dì bí ọ̀dà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Láti 2004 ni V6 3.3 ti wọlé, òun náà ló wà nínú Lexus RX 330. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, èmi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń yí inú rẹ̀, bíi ti 3.0. Ní 90,000 máìlì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà. Tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ohunkóhun tó wù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù omi lẹ́ẹ̀kan náà, torí bẹ́líìtì yẹn ló ń yí pọ́ǹpù náà.

Láti 2008 dé 2013, ṣéènì ló rọ́pò bẹ́líìtì. 3.5 wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 2.7 dé ní 2009. Ohun kan wà nípa 3.5 tí àwọn ọdún yẹn, pàápàá nínú RX 350 ti 2007 àti 2008: páìpù ọ́ìlì kékeré kan ní rọ́bà láàárín. Tí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì á dà tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Irin lásán ni èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó kí ẹ tó gbé e rìn.

Kí ni kí olùkọ́ wa wá rà? 2.7 jẹ́ agbára ẹṣin 187, 3.5 jẹ́ 270. Àpá ibi tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì jẹ́ ọ̀nà tóóró àtijọ́, tí tírélà tó ń ti òkè ọya bọ̀ wà níwájú yín, tí òmíràn ń bọ̀ níwájú, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì yẹn túmọ̀ sí. Pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà àti ẹrù lẹ́yìn, 2.7 ò lè ya tírélà kọjá kíákíá. Ẹni tó bá ní sùúrù láti dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó ra 2.7 ti 2009 tàbí 2010, èyí tí ẹsẹ̀ méjì iwájú nìkan ń fà. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní sùúrù, kó ra V6, kó san owó epo rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ò wúlò fún ìrìn yìí. Ó ń jẹ epo sí i, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ẹ ó bi mí nípa àwọn yòókù. Honda Pilot fẹ̀ dáadáa, àmọ́ Honda fúnra rẹ̀ pe àwọn ti 2003 àti 2004 padà ní 2004 nítorí gíà. Nissan Murano dára lójú, ṣùgbọ́n gíà rẹ̀ kò ní eyín tó ń yí padà, bẹ́líìtì irin ló ń fà á. Nissan fún àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà ní àfikún àkókò láti tún gíà náà ṣe lórí àwọn ti 2003 dé 2010. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe irú ìyẹn fún ohun tí kò dà á láàmú. Èmi ò ní rà á síbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì lórí Honda, torí ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Balúùnù tó ń bẹ́ jáde láti ìdarí nígbà jàǹbá, Takata ló ṣe ti ọ̀pọ̀ CR-V àti Pilot ìgbà yẹn. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá ohun inú rẹ̀ jà fún ọdún púpọ̀, ó lè bú gbàù, kó sì fọ́n irin sí dírẹ́bà lára. Ó ti pa èèyàn. Ilẹ̀ wa sì kún fún ooru àti ọ̀rinrin. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ fún yín bóyá wọ́n ti pè é padà, tí wọn ò sì tíì tún un ṣe.

Nọ́ńbà wo? Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà, ó sì tún wà níbi ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti tò ó. 1, 4 tàbí 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Àwọn kan máa ń fi iná iwájú 2011 sí 2008, wọ́n á sì pè é ní 2011. Lẹ́tà kẹwàá yẹn kì í parọ́.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wá ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté nìkan ni òfin gbà. Ṣùgbọ́n Ṣakí ò jìnnà sí ilẹ̀ Benin, ọ̀nà igbó sì pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Mọ́tò tó gba ibẹ̀ wọlé lè dé Ọ̀yọ́, kí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin ni àwọn aṣọ́bodè yóò dá dúró lójú títì, ẹni tó tà á ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n lè gba mọ́tò, gbèsè alájẹṣẹ́kù ò ní bá a lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwé náà fún aṣojú ìkójà tó ní àṣẹ, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kò tó nǹkan.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo mọ́tò, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan án. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ní ohun tí wọ́n ń bò. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojú tó mọ́ roro tàn yín jẹ. Wọ́n lè pa àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ní kó wo bóyá mọ́tò ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Tó bá ní kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì. Ẹ wà á gun òkè, ẹ gbé gíà láti D sí R, kí ẹ tẹ́tí sí i. Tó bá dúró díẹ̀ kó tó fi tìpá mú, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó náà tán sórí mọ́tò. Nínú owó olùkọ́ wa, èmi yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́: ọ́ìlì, omi rẹ́díétọ̀, búrékì, àwọn rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú tí kòtò ti jẹ, bẹ́líìtì tó bá jẹ́ 3.3, àti ọ́ìlì gíà tó jẹ́ ti Toyota gan-an. WS ni wọ́n ń pè é fún 2008 sókè, kì í ṣe ọ́ìlì pupa èyíkéyìí tó wà lórí àtẹ. Ohun kékeré kan tún kù: ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà méjì léra wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ní 2010, Toyota pe Highlander 2008 dé 2010 padà l'Ámẹ́ríkà torí kápẹ́ẹ̀tì tó lè há ẹsẹ̀ iná mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, táyà tòkunbọ̀ la máa gbé yẹ̀ wò, àti bí ẹ ṣe lè ka ọjọ́ orí rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ o. Ó dìgbà kan ná.