Ṣé o mọ̀? Jean Favier, akọ̀tàn òwò ayé àtijọ́

Ṣé o mọ̀ pé Jean Favier, akọ̀tàn tí wọ́n bí ní Paris ní 1932, ló ṣe olórí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Faransé láti 1975 di 1994?

Kò jókòó lásán lórí àga. Ní 1975 ló tẹ ìwé jáde lórí òwò orí odò Seine. Àkọsílẹ̀ 1449 sí 1467 ló tú palẹ̀: nígbà náà, àlejò tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà dé Paris gbọ́dọ̀ mú ọmọ ìlú kan ṣe alábàáṣòwò. Òfin líle gbáà!

Ní 1987, ó kọ De l'or et des épices, lórí bí àwọn oníṣòwò ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní 2014. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé, kó wá ìwé 1987 náà kà.